Ilé Tí Sùlíyá Kò Rí Bú

Lọ́jọ́ tí Tinúadé sọ fún Sùlíyá pé òun fẹ́ ra ilé, Sùlíyá ń fọwọ́ rán etí bùbá kan. Abẹ́rẹ́ gún un níka. Ó ki ìka náà bọ ẹnu, ó ń fà á, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ilé kẹ̀? Ìyá Bísọ́lá, o káre o. Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣeé ṣe."

Àdúrà tó dáa ni, ṣùgbọ́n ètè ló ti wá, ètè náà ló sì parí sí. Inú Sùlíyá bàjẹ́ bí ìgbà tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó dùn ún jù ni pé òun ló kọ́kọ́ dé ilé gígùn tí wọ́n jọ ń gbé nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Agége. Òun àti Làsísì ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe káfíńtà, ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, wọ́n sì ti gba yàrá wọn kí Tinúadé àti Reuben ọkọ rẹ̀ tó ti Ìjẹ̀bú dé tàwọn ti ẹní kan àti àpótí kan. Sùlíyá ló yá a ní ìkòkò tó fi se ọbẹ̀ àkọ́kọ́. Òun ló fi kànga tí omi rẹ̀ dùn hàn án. Láti ìgbà náà, Tinúadé kì í kí i lórí ìdúró. "Ìyá Nùréènì, ẹ káàárọ̀," á ní, orúnkún á sì ti kanlẹ̀. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí ni láràárọ̀ wá fẹ́ di onílé, ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí ṣì ń gbé yàrá kan. Wọ́n ní ìka ò dọ́gba. Sùlíyá mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ti rò pé òun ni ìka gígùn.

Kì í ṣe pé Làsísì ya ọ̀lẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sí Ìkẹjà, káfíńtà kò ráyè jókòó mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń rí, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé e lọ. Ó ń kọ́ ilé sínú agbo ilé bàbá rẹ̀, nítorí pé ọkùnrin tí kò nílé nílùú rẹ̀ kì í lẹ́nu láàárín ẹgbẹ́. Ilé náà ti lórùlé, ó ti ní fèrèsé. Sùlíyá lọ síbẹ̀ nígbà Iléyá, ewúrẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá nínú yàrá tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀. Ewúrẹ́ náà wò ó bí ẹni pé àlejò ló wọlé dé.

"Tó bá di ọjọ́ alẹ́ wa, a ó máa gbé ibẹ̀," ni Làsísì máa ń wí.

"Nígbà tí mo bá darúgbó tán, kí ni mo fẹ́ fi yàrá ṣe? Ṣé kí n máa jó nínú ẹ̀ ni?"

Làsísì á gbé ayùn rẹ̀, á gba ibi iṣẹ́ lọ.

Tinúadé ní tirẹ̀, búrẹ́dì ló ń tà. Ó ń gbà á lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, ó ń gbé e lọ sí ibùdókọ̀, ó ń tà á fún àwọn èrò lójú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú láti máa yan búrẹ́dì tirẹ̀, àmọ́ kò sí onílé tó máa jẹ́ kí ayálégbé mọ ààrò búrẹ́dì sí ẹ̀yìnkùlé òun. Ìdí tó fi fẹ́ ra ilé nìyẹn. Reuben jẹ́ gáàdì rélùwéè, ó máa ń bá ọkọ̀ lọ títí dé Kánò, kì í sì í sábà sí nílé. Nítorí náà ni Tinúadé fi bẹ Sùlíyá pé kó máa bá òun lọ wo ilé.

"Ojú yín mú ju tèmi lọ," ó ní. "Bí aṣọ kan kò bá gún, ẹ ti rí i kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó jókòó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú yẹn bá mi wo ilé."

Sùlíyá gbà kíá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oore lòun fẹ́ ṣe. Oore kọ́. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí ilé náà yóò ti tó, kó lè mọ bí ẹ̀dùn òun náà yóò ti tó.

Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ wò wà ní Oko-Ọba. Ilé amọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì kùn ún lẹ́fun. Sùlíyá wọ inú rẹ̀ lọ tòun ti sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ó ń fi ìka kan ògiri bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

"Ṣé o gbọ́ ohùn ẹ̀? Inú ẹ̀ ti ṣófo, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Tí òjò gidi kan bá rọ̀, ẹ̀yin àti ògiri lẹ jọ máa sùn." Ó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó fa omi kànga, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. "Iyọ̀ wà nínú omi yìí. Àti pé ẹnu ọ̀nà kọjú sí ààtàn. Ta ló máa ra búrẹ́dì lẹ́nu ààtàn?"

Onílé dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, Sùlíyá kò sì ṣe bí ẹni rí i. Tinúadé ń mi orí. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn, nítorí ìlara ti fún obìnrin yìí ní ojú tó ń rí ikán nínú ògiri.

Ilé kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, lọ́nà Ìkẹjà. Wọn ò tíì wò ó débì kan tí ọkọ̀ fi kọjá, tí àwọn abọ́ orí pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Sùlíyá dúró kí ariwo náà rọlẹ̀.

"Ìyá Bísọ́lá, rélùwéè tó ń gbé ọkọ ẹ lọ lójoojúmọ́ kò tó ẹ, o tún fẹ́ kó wá máa bá ẹ sùn?"

Tinúadé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n jáde.

Èyí tó wà lọ́nà Ìpájà dára lójú. Sùlíyá kò rí nǹkan kan bú lára rẹ̀, ló bá lọ jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀ọ́kán. Nígbà tó fi máa dìde, ó ti gbọ́ pé ọmọ ìyá méjì ló nilé, èyí tó ń tà á kò sì tíì sọ fún èkejì. Tinúadé dì mọ́ ọn lójú títì.

"Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹjọ́, Ìyá Nùréènì. Kí ni mi ò bá ṣe bí kò bá sí ẹ̀yin?"

Inú Sùlíyá dùn. Ìgbàkígbà tí ilé kan bá ti bọ́ lọ́wọ́ Tinúadé ni inú rẹ̀ máa ń dùn bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n á tún jọ padà sí ilé gígùn náà, wọ́n á jọ tò sídìí kànga kan náà, kò sì sẹ́ni tó ju ẹnì kejì lọ.

Wọ́n ń bá a bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbọ́ nípa ilé Bàbá Sànní.

Ará Ọ̀yọ́ ni Bàbá Sànní. Ìbílọlá ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọ́n sì ti gbé e lọ sin ní Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ ní kí bàbá náà máa bọ̀ nílé, kó má dá wà lẹ́yìn odi, ló bá fẹ́ ta ilé rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà Agége. Ọ̀sán gangan ni àwọn obìnrin méjèèjì débẹ̀.

Ilé náà kò tóbi. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, pẹ̀lú ògiri kékeré tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì. Yàrá iwájú ní fèrèsé tó kọjú sí títì, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ wọlé, ó tẹ́ sílẹ̀ dé àárín yàrá. Láti ẹnu ọ̀nà, èèyàn ń rí igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Kò sí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sùlíyá dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kó bọ́ ọ. Òun gan-an kò mọ̀ pé òun bọ́ ọ.

Ó dúró ní yàrá iwájú, ó sì ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé lọ́kàn. Ìmọ́lẹ̀ á máa gba apá òsì bọ́ sórí aṣọ, kò ní máa fojú wá ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn tó ń kọjá á máa rí i, wọ́n á máa kí i, wọ́n á sì yà láti béèrè iye tó ń rán ìró àti bùbá. Ó kọjá sí ẹ̀yìn. Lábẹ́ ìgbátí òrùlé, ó rí ibi tí ìdáná yẹ kó wà, níbi tí èéfín kò ti ní wọ yàrá, tí èèyàn á ti máa ro ọbẹ̀ tí á sì máa rí ẹni tó ń wọlé. Ó dúró síbẹ̀. Ilé náà wù ú débi pé ó gbàgbé ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ìyá Nùréènì, ẹ ò mà sọ̀rọ̀," ni Tinúadé wí láti inú ilé.

"Mo ń wò ó ni."

Bí Tinúadé ti ń wo àwọn yàrá ni Sùlíyá rí òkìtì sìmẹ́ńtì kan nítòsí igi àgbálùmọ̀. Ó ga díẹ̀ sí ilẹ̀, ó gùn tó èèyàn tó nà tàntàn. Ó rò pé òun ti rí àbùkù ilé náà.

"Bàbá, sàréè ta nìyí?"

Bàbá Sànní rẹ́rìn-ín. "Sàréè kẹ̀? Ìdí ààrò nìyẹn. Ìyá wọn ló ń yan búrẹ́dì níbẹ̀ nígbà ayé ẹ̀. Nígbà tí kò sí mọ́, mo wó òkè ẹ̀, mo fi ìdí ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, bíríkì nìkan ló kù kó rà."

Ẹ wo obìnrin tó ń wá àbùkù. Ààrò búrẹ́dì ló rí. Bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ ilé náà sílẹ̀ de Tinúadé kó tó ti Ìjẹ̀bú wá. Ìlara gbé Sùlíyá láyà. Kò fi ààrò náà han ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ọjà tán kó tó la ẹnu.

"Ṣé o rí òkìtì sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìnkùlé?"

"Mo rí i. Kí ni?"

"Sàréè ni. Ìyàwó ẹ̀ ló sin síbẹ̀. Bàbá náà ló fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi."

Tinúadé dúró sójú ọ̀nà.

"Ilé tí òkú ìyá wọn wà, ṣé wọ́n ń tà á tán ni?" Sùlíyá ò jẹ́ kó mí. "Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ ẹ̀ á máa wá. Lónìí wọ́n á ní àwọn fẹ́ ṣàdúrà fún ìyá àwọn. Lọ́la wọ́n á ní ìyá àwọn ló nilé. Ìwọ á sì wà níbẹ̀ bí àlejò."

"Ó dáa," ni Tinúadé wí. "Ẹ ṣeun."

Irọ́ náà kò tíì tó Sùlíyá. Nígbà tí wọ́n délé, ó sọ ọ́ fún ìyá arúgbó tó wà ní yàrá àkọ́kọ́, ó sọ ọ́ fún àwọn obìnrin tó wà nídìí kànga, kí gbogbo wọn lè bá òun dá Tinúadé lẹ́kun bó bá yí ọkàn padà. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ilé gígùn ti mọ̀ pé sàréè wà ní ilé Bàbá Sànní. Ẹlòmíràn tiẹ̀ ti fi kún un pé òun rí i.

Ó yẹ kí ara rẹ̀ balẹ̀ nígbà náà. Kò balẹ̀. Fèrèsé yẹn kò kúrò lójú rẹ̀. Bó bá jókòó ti ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ yàrá rẹ̀ kò tó o mọ́. Bó bá ń dáná lẹ́yìnkùlé níbi tí gbogbo ayálégbé ti ń jà sí ààrò, á rántí ìgbátí òrùlé yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bí Tinúadé kò bá rà á, kí ló dé tí òun kò ní rà á? Ó lọ bá Làsísì níbi tó ti ń pọ́n eyín ayùn rẹ̀.

"Fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ ná," ó ní. "Ilé kan wà lẹ́yìn ọjà níbí."

"Ilé Bàbá Sànní?"

"Òun náà ni."

"Èyí tó ní sàréè?"

"Kò sí sàréè níbẹ̀."

Làsísì dáwọ́ dúró. Ó wò ó. "Ta ló wá ní ó wà níbẹ̀?"

Ọkọ rẹ̀ padà sórí ayùn rẹ̀. Ó ń pọ́n ọn lọ jẹ́jẹ́, ìtìjú sì ń bo ìyàwó rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

Ẹni tí ìtìjú bá ti bò ì bá jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ìlara kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó. Sùlíyá da ìborùn bora, ó gba ilé Bàbá Sànní lọ, láti bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì tà á títí òun yóò fi rí ọ̀nà kan gbé e gbà. Ó bá bàbá náà níbi tó ti ń di ẹrù.

"O mà pẹ́," ni Bàbá Sànní wí. "Ọ̀rẹ́ ẹ ti rà á."

"Ọ̀rẹ́ mi wo?"

"Oníbúrẹ́dì yẹn. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ wá, òun nìkan ló padà wá. Ó bi mí pé ta ni wọ́n sin síbí. Mo ní mo ti ṣàlàyé fún ìwọ lọ́jọ́ tí ẹ wá pé ìdí ààrò ni."

"Kí ló wí?"

"Ó jókòó sórí ìdí ààrò náà. Ó wá ní òun á rà á."

Sùlíyá padà sílé gígùn, ó ń dúró de ìjà. Ó ti to èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Tinúadé dé iwájú rẹ̀, orúnkún kanlẹ̀. "Ìyá Nùréènì, ẹ káàárọ̀." Bó ti ṣe ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e náà nìyẹn, àti lẹ́yìn náà. Kò sí ohùn èébú nínú rẹ̀. Sùlíyá ì bá fara mọ́ èébú, nítorí èébú ní èsì. Kí ni èèyàn fẹ́ fi fèsì ìkúnlẹ̀?

Nígbà tí Bàbá Sànní ti lọ sí Ọ̀yọ́, tí Tinúadé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù, ó tún wá bá Sùlíyá.

"Ẹ̀yin lẹ bá mi wá a," ó ní. "Ẹ wá wò ó."

Sùlíyá lọ. Kò lè ní òun kò lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju bó ti yẹ. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, ó rí bíríkì tuntun tí wọ́n ti ń tò sórí ìdí ààrò náà. Ó yíjú. Lábẹ́ ìgbátí òrùlé, níbi gan-an tí òun ti rí i lọ́kàn, ìdáná wà níbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń lọ sójú ọ̀run láìwọ yàrá.

"Ta ló ní kó o gbé ìdáná síbí?"

"Ẹ̀yin ni. Lọ́jọ́ tí a wá, ibẹ̀ lẹ dúró sí. Mo yọjú wò yín, ẹ ò rí mi. Ẹ ń mi ọwọ́ báyìí, bí ẹni ń ro ọbẹ̀." Tinúadé fi ọwọ́ ṣe é fún un rí. "Bàbá Bísọ́lá ní kí n má ṣe mú yín dání. Ó ní ẹ ń jowú mi láti ọjọ́ tí mo ti dárúkọ ilé. Mo ní mo mọ̀, ìdí tí mo fi fẹ́ mú yín lọ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ràn mi á ní gbogbo ilé ló dáa. Ẹni tó ń jowú mi kò ní gbójú fo àbùkù kankan. Gbogbo ilé tí a wò, ẹ bú u, òótọ́ lẹ sì fi bú u. Nígbà tí a dé ibí, ẹ dákẹ́. Nígbà tí ẹ máa sọ̀rọ̀, irọ́ lẹ rí sọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti rílé."

Sùlíyá ń wo èéfín. Bí wọ́n bá gbá a létí, ì bá sàn fún un. Gbogbo ìlara tó rò pé òun fi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rín, wọ́n ti mú un lò bí ẹni mú abẹ́rẹ́ lò. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ tún yà sí inú ilé, sí ibi ìmọ́lẹ̀ yẹn.

"Yàrá iwájú ńkọ́?" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo fẹ́ fi gba ayálégbé. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dáa fún aránṣọ." Tinúadé ṣí ìkòkò, ó ro ọbẹ̀, ó dé e padà. "Ǹ bá fi lọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ fún gbogbo ilé pé sàréè wà níbí. Báwo ni mo ṣe máa ní kí ẹ wá máa bá òkú gbé?"

Tinúadé kò rẹ́rìn-ín. Sùlíyá ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó jáde gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ń pe Tinúadé ní aláìmoore, ó ń rántí ìkòkò tó yá a. Ó dé ibi ojú irin, òkúta tí oòrùn ti pa sì jó o lẹ́sẹ̀. Ó wolẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló ń rìn. Ó ti tún bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé náà láìmọ̀.

Kò sí bó ṣe máa fi ẹsẹ̀ lásán wọ ilé gígùn, kí gbogbo wọn wá máa bi í pé kí ló lé e. Ó padà.

Nígbà tó débẹ̀, àwọn obìnrin méjì láti ilé gígùn ti gbé ẹrù Tinúadé dé. Wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n ń na ọrùn wo inú. Sálúbàtà rẹ̀ kò sí níbi tó bọ́ ọ sí. Ẹnì kan ti gbé e wọlé, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láàárín bàtà Tinúadé àti ti Bísọ́lá ọmọ rẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé. Ó ní láti la àárín àwọn obìnrin náà kọjá kó tó lè mú un.

"Ìyá Nùréènì," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "níbo gan-an ni sàréè yẹn wà? A ò fẹ́ gba orí ẹ̀ kọjá."

Tinúadé ti yọ láti ẹ̀yìn, ó dúró ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kò sí sàréè níbí," ni Sùlíyá wí. "Ààrò búrẹ́dì ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Irọ́ ni mo pa."

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ó gba àárín wọn wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan sálúbàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì mú un. Ó ń wo yàrá iwájú, àti fèrèsé, àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ dé. Ìlara náà kò tíì lọ. Ó kàn ti rí ibi tó máa jókòó sí ni.